Òfin CBN ti dé ìdí ẹ̀rọ POS o, kẹ́yin ará Kàbà má jẹ́ kó dà bíi ti ọdún 2023

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ní CBN, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ yìí, tún gbé òfin kan jáde lórí owó, ńṣe ni àyà àwọn èèyàn máa ń já. Ohun tójú wọn rí lọ́dún 2023 kò tíì kúrò lọ́kàn wọn. Orí àwọn oní-POS ni òfin wá sọ̀ sí báyìí, kò sì yọ ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ wọn sílẹ̀.

Kẹ́ni tó ti gbàgbé lè rántí, ọjọ́ 26, oṣù kẹwàá, ọdún 2022, ni Godwin Emefiele, tó jẹ́ gómìnà CBN nígbà náà, kéde pé wọn yóò pààrọ̀ owó N200, N500 àti N1,000. Ọjọ́ 31, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2023, ni wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn kò ní í ná ti àtijọ́ mọ́, kí wọ́n tó sún un di ọjọ́ 10, oṣù kejì. Aráàlú kó owó àtijọ́ wọn lọ sí báǹkì, ṣùgbọ́n tuntun kò jáde. Ẹni tó lówó ní àkáǹtì kò rí owó ra gààrí. Bẹ́ẹ̀ làwọn oní-POS kan sọ owó di ọjà, tó fi jẹ́ pé láwọn ibì kan, ẹni tó bá fẹ́ gba N10,000 yóò fi N2,000 sílẹ̀, àwọn mìíràn tiẹ̀ gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìpínlẹ̀ Kogí kò dákẹ́ sọ́rọ̀ náà. Òun, Kàdúná àti Zamfara ló kọ́kọ́ gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sílé-ẹjọ́ tó ga jù lọ lóṣù kejì, ọdún 2023. Ọjọ́ 8, oṣù náà, nilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n ṣì dá ọwọ́ gbèdéke ọ̀hún dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ 16, Ààrẹ Muhammadu Buhari bọ́ sórí tẹlifíṣàn, ó ní N200 nìkan ni wọ́n lè máa ná nínú owó àtijọ́. Ọjọ́ 3, oṣù kẹta, ni ìdájọ́ gan-an jáde. Adájọ́ Emmanuel Agim ló kà á, àwọn adájọ́ méje tó gbọ́ ẹjọ́ náà sì fẹnu kò sí i. Wọ́n ní òfin CBN fúnra rẹ̀ sọ pé kí wọ́n fún aráàlú ní àkókò tó tó kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ wọn, ìjọba kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn máa ná owó àtijọ́ títí di ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún náà. Nígbà tó tún di oṣù kọkànlá, ilé-ẹjọ́ yìí kan náà ní kí wọ́n máa ná an lọ láì ní gbèdéke.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ẹ̀ pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé CBN kò ga ju òfin lọ. Èkejì ló dunni jù: ìdájọ́ jáde, síbẹ̀ ọlọ́jà kọ̀, ọlọ́kọ̀ kọ̀, àwọn báǹkì mìíràn náà ń wò. Ọjọ́ 13, oṣù kẹta, kí CBN tó lanu sọ̀rọ̀ làwọn èèyàn tó gbà á. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko làwọn tó jàre fi ń wá owó oúnjẹ kiri. Òfin tí etí aráàlú kò tètè gbọ́, orí aráàlú ló máa ń wó lé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ POS ti wọlé nìyẹn. Lọ́dún 2013 ni CBN kọ́kọ́ gbé ìlànà jáde pé káwọn èèyàn lè máa ṣe aṣojú báǹkì níbi tí báǹkì kò bá sí. Nílẹ̀ Òkun, kì í ṣe fàájì lèyí. Báǹkì kò pọ̀, ọ̀nà kò sì fọkàn ẹni balẹ̀. Oṣù kẹfà, ọdún 2020, làwọn adigunjalè ya wọ Ìsánlú, tí wọ́n pa àwọn ọlọ́pàá, títí kan DPO wọn, tí wọ́n sì ja báǹkì ìlú náà lólè. Ta ló wá fẹ́ máa ru owó kiri? Tíṣà tó fẹ́ gba díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀, màmá tó ń ta iṣu tí ọmọ rẹ̀ fowó ránṣẹ́ sí látìlú Èkó, abẹ́ agbòòrùn oní-POS ni gbogbo wọn ń forí lé.

Òfin wá ń tẹ̀lé ara wọn. Lọ́dún 2024, CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ní kí gbogbo oní-POS wá forúkọ sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ 7, oṣù keje. Wọ́n tún sún un di ọjọ́ 5, oṣù kẹsàn-án. Lóṣù kejìlá ọdún yẹn, CBN ní oníbàárà kan kò gbọ́dọ̀ gbà ju N100,000 lọ lọ́dọ̀ wọn lóòjọ́, oní-POS kan kò sì gbọ́dọ̀ san ju mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún náírà lọ. Oṣù kẹjọ, ọdún 2025, ni wọ́n ní ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń jókòó sí, kò gbọ́dọ̀ fi mítà mẹ́wàá kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ 6, oṣù kẹwàá, ọdún náà, ni ìlànà ńlá jáde: láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹrin, ọdún 2026, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo loní-POS gbọ́dọ̀ máa ṣojú fún. Àkáǹtì tó yàtọ̀ ni yóò sì máa fi ṣiṣẹ́ náà.

Ẹni tó bá ní òfin yìí kò ní ìdí, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Àwọn oníjìbìtì àtàwọn ajínigbé ti fi ẹ̀rọ POS gba owó lọ́wọ́ ọmọlọ́mọ. Ẹ̀rọ tí kò nílé tí kò lọ́nà, ta ni wọn yóò mú? Ṣùgbọ́n ojú Àbújá ni wọ́n fi wo Kàbà. Oní-POS kì í ní ẹ̀rọ méjì mẹ́ta torí ojúkòkòrò. Bí nẹ́tíwọ̀kì ọ̀kan bá lọ, yóò fa èkejì jáde, kí oníbàárà má baà lọ lọ́wọ́ òfo. Bó bá ku ẹyọ kan, ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, ṣọ́ọ̀bù ti pa nìyẹn. Ẹni tó sì ń gbé ẹ̀rọ tẹ̀lé ọjọ́ ọjà láti abúlé kan bọ́ sí òmíràn, báwo ni mítà mẹ́wàá ṣe fẹ́ bá a mu?

Òótọ́ ni pé wọ́n ń mú báǹkì náà. Oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025, CBN bu owó ìtanràn N150 mílíọ̀nù lé báǹkì mẹ́sàn-án lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, torí pé ẹ̀rọ ATM wọn kò pọ owó fáráàlú lásìkò ọdún Kérésì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àpò CBN lowó yẹn lọ, kò sí kọ́bọ̀ kan tó dé ọwọ́ màmá tó tò sórí ìlà títí tílẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀yin oní-POS, bẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ilé-iṣẹ́ kan, èyí tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ dúró ládùúgbò yín ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ má wo ti ẹ̀bùn tí wọ́n ń pín. Ẹ jẹ́ kí ibi tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ yín jẹ́ ibi tẹ́ ẹ wà lóòótọ́.

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ máa gba rìsíìtì. Bí wọ́n bá yọ owó yín, tí owó kò dé ọwọ́ yín, òfin tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹfà, ọdún 2020, fún báǹkì ní wákàtí 72 láti yanjú ti POS. Báǹkì yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn kò dá yín lóhùn, ẹ gbé e lọ sí CBN. Ẹ sì rí i pé orúkọ tó wà lórí àkáǹtì yín bá ti BVN yín mu. Nígbà tí CBN gbàṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank lóṣù kẹfà, ọdún 2024, BVN ni NDIC fi wá àwọn àkáǹtì mìíràn tí wọ́n san owó àwọn èèyàn sí. Mílíọ̀nù márùn-ún náírà ni wọ́n kọ́kọ́ ń san mọ, N500,000 ló sì wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi kún un lóṣù karùn-ún ọdún yẹn. Ti báǹkì kéékèèké jẹ́ mílíọ̀nù méjì.

Ní ti CBN, iṣẹ́ wọn kò tán síbi kí wọ́n kọ ìwé òyìnbó lẹ̀ mọ́ ògiri l'Ábùújá. Rédíò wà, ààfin ọba wà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí wà. Kí wọ́n sọ ọ́ lédè táwọn èèyàn gbọ́, kó tó di pé ọjọ́ pé. Wọ́n ti gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sílé-ẹjọ́ nítorí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìpínlẹ̀ Kogí ló sì wà lára àwọn tó gbé e lọ.