Iṣẹ́ tíṣà ní Kòríà: pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò

Èèyàn lè máa sọ òyìnbó bí ẹni ń mumi, tó bá ti di ọ̀rọ̀ kíkọ́ ọmọ ará Gúúsù Kòríà lóyìnbó, pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. EPIK lorúkọ ètò náà, ọdún 1995 ni ìjọba wọn dá a sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè méje ló wà fún: Amẹ́ríkà, Kánádà, Ìlú Ọba, Ireland, Ọsirélíà, New Zealand àti South Africa. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀ o! Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Peckham, tó ní pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba àti dìgírì, lè rí i gbà. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó kàwé òyìnbó gboyè n'Íbàdàn, tó jẹ́ pé pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nìkan ló ní, kò lè rí i gbà. Ó dunni, àmọ́ bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn.

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò. Wọ́n á ní kí ló dé tó fi jẹ́ Kòríà, àti pé báwo lẹni náà ṣe máa ṣe kíláàsì táwọn ọmọ ò ti lanu. Fọ́ọ̀mù wọn tiẹ̀ ń béèrè bóyá èèyàn fín nǹkan sára! Ìwé ọlọ́pàá pé kò dáràn rí náà ńkọ́? Dandan ni.

Tó bá débẹ̀, wọ́n á yẹ ara ẹ̀ wò, títí kan ti oògùn olóró. Lẹ́yìn náà ló kan ilé ọ̀fẹ́, wákàtí 22 ní kíláàsì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú tíṣà ará Kòríà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Àwọn ejẹ́ǹtì tó ń sọ fún ọmọ Nàìjíríà pé kó mówó wá, àwọn á bá a rí iṣẹ́ yìí, físà wo gan-an ni wọ́n fẹ́ẹ́ bá a gbà?