Dókítà Tuntun ní Ẹ̀ka Pàjáwìrì

Àwọn kan gbà pé bí a bá fẹ́ kí dókítà tuntun tètè gbọ́n, àfi kí a fi òun nìkan sílẹ̀ ní ẹ̀ka pàjáwìrì lóru, kí ó máa bá ohun tí ó bá wọlé yí. "Bí àwa náà ṣe kọ́ ọ nìyẹn," ni àwọn ọ̀gá máa ń wí. Èmi kò fara mọ́ èrò yìí rárá.

Láti ọdún 1948 ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní yunifásítì Ìbàdàn. Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá sọ ọ́ di mẹ́jọ. Lẹ́yìn rẹ̀, dókítà tuntun yóò ṣe ọdún kan gbáko lábẹ́ àwọn àgbà kí ó tó gba ìforúkọsílẹ̀ tòótọ́. Onígbà díẹ̀ ni èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin fúnra rẹ̀ ti gbà, nígbà náà, pé kò ì tí ì tó dá dúró. Kí ló wá dé tí a ń fi ẹ̀mí ènìyàn lé òun nìkan lọ́wọ́ ní aago méjì òru?

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ibẹ̀ ti rí. Ọmọ tí gìrì mú, ẹni tí ọkọ̀ gbá, aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, gbogbo wọn lè wọlé láàárín wákàtí kan. Ẹni tí ó kọ́kọ́ dé kọ́ ni a ń kọ́kọ́ tọ́jú, bí kò ṣe ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu jù. Níbi tí ọ̀rọ̀ gbé le nìyí: ẹni tí ń ké jù lè jẹ́ ẹni tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, tí yóò sì yè; ọmọ tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lórí itan ìyá rẹ̀, tí kò lè sunkún mọ́, lè jẹ́ ẹni tí ń kú lọ. Ìwé ti sọ èyí fún dókítà tuntun. Ṣùgbọ́n bí ẹbí ẹni tí ń ké bá di aṣọ rẹ̀ mú, tí wọ́n ń pariwo lé e lórí, ibi tí ariwo wà ni yóò kọjú sí. Àgbà tí ó ti rí irú rẹ̀ ní àìmọye ìgbà ni yóò fọwọ́ tọ́ ọ pé, "Ọmọ yẹn ni kí o kọ́kọ́ wò."

Ọ̀rọ̀ owó tún wà. Òfin ìlera ti ọdún 2014 kà á léèwọ̀ láti kọ aláìsàn pàjáwìrì fún ìdí yòówù. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé bá ní ẹbí kò tíì sanwó, ta ni yóò ka ọ̀rọ̀ dókítà tí ó dé lánàá sí?

Wọ́n lè ní dókítà kò tó, pé ọ̀pọ̀ ti lọ sí ìlú òyìnbó. Òótọ́ ni. Lójú tèmi, ìdánìkanṣe yìí wà lára ohun tí ń lé àwọn tí ó kù lọ. Nọ́ọ̀sì tí ó ti lo ogún ọdún níbẹ̀ ńkọ́? Kí dókítà tuntun bi í léèrè. Oyè dókítà kò ní kí ojú máa tì í láti béèrè ìwọ̀n oògùn ọmọdé.

Nígbà tí àwa ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, tí a bá lọ dánra wò ní ilé-ìwé, olùkọ́ kíláàsì a jókòó sẹ́yìn, a máa wò wá. Bẹ́ẹ̀, ohun tí a ń kọ sójú pátákó ni, dọ́sítà lè pa á rẹ́!

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Kí dókítà tuntun tẹ̀ lé àgbà kan fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Kí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà ọ̀gá tí iṣẹ́ òru kàn sára ògiri, kí ọ̀gá náà sì sùn sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru kan, kí ọ̀gá má ṣe bínú. Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un nìyẹn.