Ẹ̀yìn Kíláàsì Ni Ká Ti Máa Kọ́ Olùkọ́

Owó tí ìjọba ń ná lórí sẹminá àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń ṣòfò, mo sì fẹ́ kí wọ́n dá a dúró. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń lọ. Wọn á kó igba olùkọ́ jọ sí gbọ̀ngàn kan ní olú-ìlú ìpínlẹ̀, ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì á máa ka ohun tí ẹ̀rọ gbé sára ògiri sí wọn létí, wọn á jẹun ọ̀sán, wọn á gba báàgì àti ìwé ẹ̀rí, wọn á ya fọ́tò, ó parí nìyẹn. Tó bá di ọjọ́ Ajé, olùkọ́ á padà sídìí iṣẹ́, á sì máa kọ́ àwọn ọmọ bó ṣe ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa wá wo ohun tó ń ṣe. Owó kékeré kọ́ là ń sọ o. Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ọdún 2004 ní kí wọ́n máa yọ ìdá 2 nínú 100 àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Nínú èyí tí UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, bá sì pín fún àwọn ìpínlẹ̀, apá kan wà tó jẹ́ ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Owó yẹn tó ohun tí èèyàn ń fi tún ayé ọmọ ṣe, tí wọ́n bá gbé e gba ibòmíràn.

Ibi tó yẹ kí wọ́n gbé e gbà ni ẹ̀yìn kíláàsì. Ẹ jẹ́ ká wo kíláàsì kẹta. Olùkọ́ kọ gbólóhùn sójú pátákó, ó kà á, gbogbo ọmọ sì kígbe tẹ̀ lé e: “Adé ń lọ sí ọjà.” Ohùn wọn já gaara, ẹni tó ń kọjá lójú títì á ní ìwé ń wọlé lónìí. Ẹ lọ bá ọmọ tó jókòó síbi àga ìkẹyìn. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo gbólóhùn yẹn nínú ìwé rẹ̀, kí ẹ ṣí “ọjà” nìkan sílẹ̀, kí ẹ ní kó kà á. Ọmọ náà á kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wí lábẹ́lẹ̀ láti orí “Adé,” kó lè bá a débi tí “ọjà” wà. Orin ló há sórí, kò tíì mọ lẹ́tà. Nígbà tí UNICEF ń sọ pé nínú ọmọ mẹ́rin tó wà láàárín ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn tó rọrùn, ọmọ yìí ni wọ́n ń sọ. Àwọn tó jókòó níwájú lè ní òbí tó ń kà pẹ̀lú wọn nílé tàbí owó lẹ́sìnnì nírọ̀lẹ́. Ọmọ ẹ̀yìn kò ní nǹkan kan ju wákàtí mélòó kan tó ń lò lọ́wọ́ olùkọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ariwo àjùmọ̀kà sì bo ìṣòro rẹ̀ mọ́lẹ̀. Olùkọ́ kì í ṣe òṣìkà. Láti iwájú tó dúró sí, kò lè rí i. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ náà ló lè rí i, tó sì lè fi han olùkọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní ẹkùn North West ní Gúúsù Áfíríkà, láti ọdún 2015, Jacobus Cilliers, Brahm Fleisch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ lé ilé-ìwé 180 níbi tí wọ́n ti ń fi Setswana, èdè abínibí àwọn ọmọ náà, kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Kèké ni wọ́n fi pín wọn. Nínú ilé-ìwé 50, wọ́n kó ètò ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ àti ìwé fún olùkọ́, wọ́n sì ń pè wọ́n sí ìpàdé ọlọ́jọ́ méjì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Nínú 50 mìíràn, ètò ẹ̀kọ́ kan náà ni, ìwé kan náà ni, àmọ́ olùtọ́sọ́nà kan ń bá olùkọ́ nínú kíláàsì rẹ̀ lóṣooṣù, ó ń wò ó bó ṣe ń kọ́ni, ó ń kọ́ni níṣojú rẹ̀, wọ́n sì jọ ń jíròrò. Wọ́n fi 80 sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n lè fi wé. Lẹ́yìn ọdún méjì, ohun tí àwọn ọmọ tí olùtọ́sọ́nà ń bá olùkọ́ wọn fi ta àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ yọ tó ìlọ́po méjì ohun tí àwọn tí olùkọ́ wọn lọ sí ìpàdé fi ta wọ́n yọ. Ẹ má gbàgbé pé ìpàdé tiwọn dára ju tiwa lọ fíìfíì, torí olùkọ́ gbé ìwé àti ètò ẹ̀kọ́ bọ̀ láti ibẹ̀. Síbẹ̀, ìdajì ló ṣe. Èwo wá ni ti tiwa, tó jẹ́ pé báàgì ni wọ́n ń gbé bọ̀?

Ti Íńdíà tún fi ojú mìíràn hàn. Ẹgbẹ́ Pratham ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí olùkọ́ fi iye ìwé tí ọmọ mọ̀ pín wọn, kó má fi ọjọ́ orí tàbí kíláàsì ṣe é, kí àwọn tí kò mọ lẹ́tà wà lọ́tọ̀, kí àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ wà lọ́tọ̀. Níbi tí wọ́n ti kọ́ olùkọ́ ní ọgbọ́n yìí, tí wọ́n fún un níwèé, tí wọ́n wá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kò sí àyípadà kan gbòógì nínú ìwé kíkà àwọn ọmọ. Ní ìpínlẹ̀ Haryana, wọ́n ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lójúmọ́ fún iṣẹ́ náà, àwọn alábẹ̀wò tí àwọn fúnra wọn ti kọ́ ọ rí sì ń wá síbi tí olùkọ́ ti ń ṣe é. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ọgbọ́n kan náà ni o. Wákàtí yẹn àti ẹni tó ń dé kíláàsì ló mú ìyàtọ̀ wá.

Àwọn kan á ní olùkọ́ wa fúnra wọn kò mọ̀wé, wọ́n á sì rántí Kwara. Òótọ́ ni. Ní ọdún 2008, wọ́n fún àwọn olùkọ́ 19,125 ní ìdánwò tí kò ju ti ọmọ kíláàsì kẹrin lọ ní ìpínlẹ̀ náà, 75 péré ló yege. Ó dunni, kò sì yẹ ká fọwọ́ bò ó. Àmọ́ inú gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jókòó gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi wọṣẹ́. Ẹni tí ìdá inú ìṣirò ń dà láàmú kò ní mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ méjì láàárín igba èèyàn, níbi tí ojú á ti tì í láti béèrè. Ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un lójoojúmọ́, irú èyí tí Kwara padà ṣe, àti ẹnì kan tó lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, ló lè gbà á. Owó oṣù kékeré, ọmọ 80 nínú kíláàsì kan: gbogbo rẹ̀ ló burú, kí wọ́n tún un ṣe. Kò sí èyí tó sọ pé kí ìjọba máa ra oúnjẹ ọ̀sán ní gbọ̀ngàn.

Ti owó ni àtakò tó lágbára jù, torí olùtọ́sọ́nà gbówó lérí ju ìpàdé lọ. Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ṣírò ìyẹn náà, wọ́n sì rí i pé ohun tí owó olùtọ́sọ́nà mú jáde ju ohun tí iye owó kan náà ń mú jáde ní ìpàdé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiwa. Tí olùtọ́sọ́nà kan bá lo odidi ọjọ́ kan ní ilé-ìwé kan, ogún ilé-ìwé ló máa dé lóṣù. Èèyàn 50 ni ìpínlẹ̀ tó ní ẹgbẹ̀rún ilé-ìwé nílò, tó bá jẹ́ pé kíláàsì kìíní sí ìkẹta ni wọ́n gbájú mọ́. Àwọn alábẹ̀wò tó ń gbowó oṣù ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ sì ti wà nílẹ̀, kí wọ́n yan àwọn tó mọ ọmọ kọ́ nínú wọn. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn olùkọ́ níbẹ̀ tọ́, torí kúérì ni alábẹ̀wò máa ń gbé wá. Nítorí náà, olùtọ́sọ́nà kò gbọdọ̀ ní fáìlì olùkọ́ lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìgbéga rẹ̀, ohun tó bá rí nínú kíláàsì kò gbọdọ̀ dé ọ́fíìsì. Láìsí òfin yẹn, olùkọ́ á kàn tún àjùmọ̀kà ṣe dáadáa lọ́jọ́ tí àlejò bá dé.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè, torí ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ibi tí wọ́n ti lò ó ni ìjákulẹ̀ ti pọ̀ jù. Mi ò gbà. Láti ọdún 1970 ni Babatunde Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́, àyàfi Gẹ̀ẹ́sì, fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ. Àmọ́ ní Ifẹ̀, wọ́n kọ ìwé, wọ́n sì kọ́ olùkọ́. Ìlànà orílẹ̀-èdè ọdún 1977 wulẹ̀ pàṣẹ pé kí olùkọ́ máa lo èdè abínibí ni, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì rí ẹni tó fi bí wọ́n ṣe ń fi àmì ohùn kọ́ ọmọ ní kíkà hàn wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Èdè ni wọ́n wá dá lẹ́bi. Tí ìjọba bá sì ti gbé Gẹ̀ẹ́sì lé ọmọ ẹ̀yìn kíláàsì lórí báyìí, ẹni tó máa jókòó tì í ti di kánjúkánjú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí SUBEB, ìyẹn àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ Yorùbá, gbé ìwé ìnáwó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ọdún tó kọjá síta: iye tó lọ fún gbọ̀ngàn, iye tó lọ fún oúnjẹ, iye tó lọ fún báàgì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ iye olùkọ́ tí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn kíláàsì wọn láti ràn wọ́n lọ́wọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀.