Owó oṣooṣù dùn, ṣùgbọ́n oníbàárà lè jáwọ́ nígbàkigbà

Oníṣòwò tó ń gbowó oṣooṣù máa ń sùn dáadáa, nítorí ó ti mọ iye tí yóò wọlé. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbàgbé ni pé ẹni tó ń sanwó lóṣooṣù lè jáwọ́ lóṣù tó bá wù ú. Ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast ní Amẹ́ríkà fojú ara wọn rí i lọ́dún 2023.

Àwọn ló ni Dungeons & Dragons, eré tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń jókòó yí tábìlì ká ṣe, tí kálukú ń ṣe bí akọni inú ìtàn, tí ẹnì kan sì ń darí wọn. Látọdún 1974, ìwé àti dáìsì bíi ti lúdò ni wọ́n fi ń ṣe é. Lọ́dún 2022, Hasbro, tó ni Wizards, kéde pé òun máa ra D&D Beyond, ìkànnì tí wọ́n ti ń ṣètò eré náà, ní mílíọ̀nù 146.3 dọ́là.

Ọgbọ́n ìtajà tó wà níbẹ̀ dára. Ọ̀fẹ́ ni ẹni tuntun fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí adarí eré bá san owó oṣooṣù tó ga jù, gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì rẹ̀ ni yóò lè ka ìwé tó ti rà. Ẹnì kan san, márùn-ún jẹ. Ta ni yóò kọ irú ẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ní December 2022, Cynthia Williams, ọ̀gá Wizards nígbà náà, sọ fún àwọn olùdókòwò pé àwọn adarí eré kò ju bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ, àmọ́ àwọn ló ń náwó jù. Ó ní owó tí eré náà ń pa kò tíì tó.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e ni àṣírí àdéhùn tuntun kan tú. Látọdún 2000 ni àwọn oníṣòwò kéékèèké ti ń fi òfin eré náà kọ ìwé tiwọn tà láìsan kọ́bọ̀ fún Wizards. Àdéhùn yìí fẹ́ máa gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá lé ní 750,000 dọ́là lọ́dún. Kò kan àpò àwọn adarí eré rárá, síbẹ̀ ìwé àwọn ẹni kékeré yẹn ló ń mú tábìlì wọn dùn. D&D Beyond ni wọ́n gbà lọ, wọ́n ń fagi lé owó oṣooṣù wọn. Kí January tó parí, Wizards ti sọ àdéhùn náà nù, wọ́n sì fi ìwé ìlànà eré náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé lábẹ́ Creative Commons.

Wọn ò fi kọ́bọ̀ kan lé owó oṣooṣù. Ẹni tí oníbàárà fẹ́ràn ni wọ́n fọwọ́ kàn. Hasbro lówó tó lè fi tún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe; ṣọ́ọ̀bù oníyàrá kan kò ní in. Síbẹ̀, ní August 2024, wọ́n tún kéde pé àwọn máa fi òfin tuntun rọ́pò ti àtijọ́ nínú àkọsílẹ̀ akọni àwọn tó ti sanwó. Ariwo tún sọ, wọ́n sì tún yí ohùn padà.