Wo Òjìji Rẹ Ná

 

Nígbà tí Màmá mi wá kí wa láti Leeds, wọ́n gbé kámẹ́rà olóògbé bàbá mi dání. Pentax K1000 ni, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1976. Ó wúwo bí ọmọ odó. Mo ra fíìmù, mo fi bátìrì tuntun sí i, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ tó máa ń sọ bóyá ìmọ́lẹ̀ tó tàbí kò tó ò mira rárá. Mo ní, "Màmá, ó ti bàjẹ́ o."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Abẹ́rẹ́ yẹn ti kú kí n tó bí ẹ. Kí ni bàbá ẹ wá fi ya gbogbo fótò ẹ?"

Wọ́n ní kí n gbé ìwé fótò àtijọ́ wá. Fótò kan wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ràn láti kékeré. Màmá dúró sínú yìnyín. Yìnyín rí bí eérú, ojú wọn sì dúdú kirikiri. Eyín nìkan lẹ máa rí. Mo gbé e lọ sílé ìwé nígbà kan, wọ́n fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, mo sì gbà lọ́kàn mi pé àwọ̀ wa ni ò ṣeé yà. Màmá wá ṣí ojú ewé kejì: yìnyín náà ni, ọdún mìíràn, wọ́n pọ̀n mí sẹ́yìn. Yìnyín funfun báláú, pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn hàn, àní ojú oorun mi hàn. "Èyí ni bàbá ẹ yà lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ kú."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ inú kámẹ́rà máa ń ka gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ sí àwọ̀ eérú. Bí yìnyín bá kún inú àwòrán, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù. Bàbá mi gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Yìnyín di eérú, ojú Màmá wọ òkùnkùn. Àwọ̀ wa ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ yẹn ni ò wo ojú ẹni tí wọ́n ń yà.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn nìkan ni bátìrì K1000 ń ṣe. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ò nílò iná. "Òjìji ni bàbá ẹ máa ń wò," Màmá ní.

Bí fíìmù yín bá jẹ́ ISO 400, ẹ yí òǹkà orí kámẹ́rà sí 500, ìyẹn ni pé á ṣẹ́jú fún ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú-àáyá. Lẹ́yìn náà, ẹ wo òjìji yín nílẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá mú kedere, ẹ yí ẹnu lẹ́ńsì sí 16. Bí etí rẹ̀ bá rọ̀, 11. Bó bá ku díẹ̀ kó má hàn, 8. Bí kò bá sí òjìji rárá, 5.6. Bí ẹni náà bá wà nínú ibòji, 4. Bí òǹkà yìí ṣe ń kéré sí i ni ẹnu lẹ́ńsì ń là sí i. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ là á sí i díẹ̀, pàápàá bí oòrùn bá wà lẹ́yìn ẹni náà: fíìmù negative máa ń fara da àpọ̀jù ìmọ́lẹ̀ ju àìtó lọ.

Ní Sátidé, a lọ sí páàkì. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ń pe òǹkà fún mi. A dé abẹ́ igi kan, ló bá ní, "Mọ́mì, ṣé òjìji náà ni wọ́n ń pe eléyìí?"

Màmá dá a lóhùn: "Òjìji ni tìẹ, ọkọ mi. Òun ló ń tẹ̀lé ẹ. Ibòji ni ti igi. Ìwọ lo máa wọ inú ẹ̀."

Láti ìgbà tá a ti ń fi tipátipá kọ́ ọ ní Yorùbá, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fúnra ẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ kan.

Nínú fótò 36, mẹ́sàn-án bàjẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ọmọ náà ya ìyá àgbà ẹ̀ nínú ibòji jáde dáadáa. Pélé wọn hàn. A ti gbé e kọ́ sára ògiri. Mo gbé fótò dúdú ọjọ́sí náà kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ojú ò tì mí mọ́.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí ò gba kámẹ́rà. Ẹ mú ọmọ yín jáde láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ jọ wo òjìji. Bí kámẹ́rà àtijọ́ bá sì wà nílé àwọn òbí yín, ẹ má jù ú nù torí abẹ́rẹ́ kan. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó, nígbà tí ẹni tẹ́ ẹ máa bi ṣì wà.

Ó dìgbà kan ná.