Dáàmù wà nílẹ̀, omi ṣì ń wọ́n àwọn olùsìn ẹja Òkè-Ògùn

Sísin ẹja àrọ̀ nínú ọgbà ilé kì í ṣe ohun tuntun mọ́ ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn. Ohun tó ń kọ ni lóminú báyìí ni pé owó oúnjẹ ẹja ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé èrè mì. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú èyí tó dára ti ń wọlé, láti ìgbà tí wọ́n sì ti tú náírà sílẹ̀ fún ọjà lóṣù kẹfà, ọdún 2023, ni ọ̀rọ̀ ti burú sí i.

Ọ̀nà kan láti dín ìnáwó kù ni kí ènìyàn máa pa ọmọ ẹja fúnra rẹ̀, dípò kó máa fi ọkọ̀ kó o wá láti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n àrọ̀ kì í sábà yé nínú àhámọ́, àfi kí wọ́n fún abo ní abẹ́rẹ́, kí wọ́n sì fún ẹyin náà jáde lẹ́yìn wákàtí bíi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ ní tirẹ̀, pípa ni wọ́n sábà máa ń pa á kí wọ́n tó rí àtọ̀ rẹ̀ mú. Láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀, ẹyin yóò pa. Ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí èyí tó bá yára dàgbà kì í wo ojú ọmọ ìyá rẹ̀ kó tó gbé e mì. Ẹni tí kò bá ń ṣà wọ́n sọ́tọ̀ yóò kàn rí i pé ẹgbẹ̀rún ti di igba.

Àwọn kan ń sọ pé ẹja ọ̀ṣọ́ ló lówó lórí. Òótọ́ ni pé ẹja mèremère tí wọ́n ń pè ní kribensis, odò gúúsù Nàìjíríà ló ti ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Yúróòpù àti Éṣíà ló ń sìn ín tà kiri ayé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rà á ní Ṣakí?

Omi gan-an ni ìṣòro. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, kànga ń gbẹ nílẹ̀ ọ̀dàn yìí, omi ẹja sì gbọ́dọ̀ máa di tuntun. Bẹ́ẹ̀, dáàmù Ikere Gorge tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láyé ìjọba Shagari wà nítòsí Ìsẹ́yìn lórí odò Ògùn. Omi mímu, bíbomi rin oko àti iná mànàmáná ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá tí àǹfààní wọ̀nyí kò dé ọ̀dọ̀ aráàlú bó ti yẹ. Ọ̀dọ̀ àjọ tó ń bójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ló yẹ kí àwọn olùsìn ẹja gbé ẹjọ́ wọn lọ.