Àtọ̀húnrìnwá Inú Fíìmù àti Ilẹ̀kùn Ààfin Ìkẹ́rẹ́

Èrò kan wà láàárín àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ kan pé eré ọmọdé lásán ni fíìmù tí ó bá dá lórí àwọn ẹ̀dá tí ó ti òfuurufú wá sí ilé ayé. Wọ́n ní irọ́ ni, kò kan Yorùbá, kò sì yẹ kí ẹni tí ó ń múra ìdánwò fi àkókò ṣòfò lé e lórí. Èrò yìí kò tọ̀nà. Bí irọ́ bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, a jẹ́ pé àwọn irúnmọlẹ̀ inú ìtàn D. O. Fágúnwà pẹ̀lú kò yẹ ní kíkọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ lámèyítọ́ kì í ṣe láti wádìí bóyá irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti béèrè pé: ta ni ó wá bá ta? Kí ni ó wá kó? Ta ni ó ń ru ẹrù rẹ̀? Ta ni ó sì ń sọ ìtàn náà? Ìbéèrè ìṣèlú àti ti ọrọ̀-ajé ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àwọn ará gúúsù Èkìtì kò ní láti dé Amẹ́ríkà kí wọ́n tó mọ bí a ti ń béèrè wọn. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére tí ó di olóògbé ní 1938, ti gbẹ́ ìtàn bí àjèjì ṣe wọ ìlú sára igi. Láàárín 1910 sí 1914 ni ó ṣe ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ní apá kan ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé lórí, olorì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, òyìnbó kan ń bọ̀ nínú ìjókòó tí àwọn ènìyàn gbé, àwọn aláàárù sì ń ru ẹrù. Àwọn onímọ̀ gbà pé Captain Ambrose, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì, ni òyìnbó náà. Ọlọ́wẹ̀ kò fi ojú àlejò sọ ìtàn yìí. Onílé ni ó ń woni níbẹ̀, àlejò ni a ń wò. Kò sì gbàgbé aláàárù: ó fi hàn pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni agbára àjèjì náà fi ń rìn.

Ìgbẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀kọ́ nínú ọrọ̀-ajé. Ní 1924, wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ti ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. British Museum fẹ́ ẹ. Ògògà kò tà á lówó, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀. London ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní. Àwòrán àlejò bá àlejò lọ sílé.

Ìtàn ìmúnisìn yìí kan náà ni ó bí àwọn fíìmù àjèjì òfuurufú. Nígbà tí H. G. Wells kọ The War of the Worlds, tí ó di ìwé ní 1898, orí kìn-ín-ní ni ó ti rán àwọn ènìyàn rẹ̀ létí pé òyìnbó ti run àwọn onílẹ̀ Tasmania, kí wọ́n tó dá àwọn ará Mars lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hollywood sọ ọ́ di fíìmù ní 1953, wọ́n gbé ìtàn náà lọ sí California, ọ̀rọ̀ Tasmania sì pòórá.

Èyí tí ó kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n ni District 9, tí Neill Blomkamp ṣe ní 2009. Ọkọ̀ òfuurufú kan dúró lókè Johannesburg; wọ́n kó àwọn èrò inú rẹ̀ sí àgọ́; ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ni ó gba iṣẹ́ àtilé wọn, ohun ìjà wọn ni ó sì ń wá. Orúkọ fíìmù náà ń ránni létí District Six ní Cape Town, tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà yà sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ funfun ní 1966, tí wọ́n sì lé ènìyàn tí ó ju 60,000 lọ kúrò níbẹ̀. Títí dé ibí, iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n fíìmù kan náà fi ọmọ Nàìjíríà hàn ní ọ̀daràn, ní oníṣòwò ìbọn, ní ajẹran ẹ̀dá nítorí oògùn, ó sì pe olórí wọn ní Obesandjo. Ó ń bẹ̀bẹ̀ fún àjèjì kan, ó ń sọ àjèjì kejì di ẹranko. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní orílẹ̀-èdè tí ìkọlù sí àwọn àjèjì ti pa ènìyàn tí ó lé ní 60 ní oṣù karùn-ún 2008.

Ní oṣù kẹsàn-án 2009, Dora Akunyili, tí ó jẹ́ Mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìròyìn nígbà náà, ní kí àwọn ilé sinimá dá fíìmù náà dúró, kí Sony sì tọrọ àforíjì. Ìbínú náà tọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò jẹ́ kí ó wo fíìmù kò lè kọ́ bí a ti ń dá a lẹ́jọ́.

Ẹni tí ó bá sì ní ọ̀rọ̀ yìí kò kan Yorùbá ti gbàgbé oṣù kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá ni ó fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Alien ni òfin náà pè wọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà tí fíìmù fi ń pe ẹ̀dá òfuurufú. Ní 1983, ìjọba Shagari lé àwọn ará Gánà kúrò ní Nàìjíríà. Onílé àná ni àjèjì òní.

Nítorí náà, kí olùkọ́ gbé àwòrán ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ fíìmù bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí kò bá lè béèrè ta ni ó ń sọ ìtàn yóò gba àwòrán tí ẹlòmíràn yà nípa rẹ̀ ní òtítọ́.